Swiss orí Lichess: ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń yan ẹni tẹ́ ẹ máa bá ta

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní gúrúùpù chess lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ yìí máa tètè yé yín. Àtita chess gan-an ò le tó kí wọ́n ní kẹ́ ẹ wá sọ ẹni tó máa bá ẹnì kan ta. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀ta kojú ọ̀pẹ, ọ̀pẹ á ní ẹ fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀ta kojú ọ̀ta ní ráúǹdì kìíní, èyí tó bá fìdí rẹmi nínú àwọn méjèèjì á ní ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ já òun dànù ni. Tó bá wá jẹ́ pé ẹ̀yin ádímìn náà ń ta nínú ìdíje ọ̀hún, ó parí, ẹni yòówù kẹ́ ẹ bá pàdé, wọ́n á ní ẹ fọwọ́ ara yín yàn án bí ẹní lọ yan àgbò iléyá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí Swiss, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣètò ìdíje, èyí tó wà lórí Lichess, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta chess. Òun la fi ń ṣe ìdíje tíìmù wa, àwa tá a jọ lọ sílé ìwé kan náà, àwọn kan wà n'Ìbàdàn, àwọn kan wà l'Ékòó, àwọn kan ti já sí London àti Houston, kò sí gbọ̀ngán kankan tó lè gba gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa ẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò lè bẹ̀ ẹ́, kò mọ ẹ̀gbọ́n kò mọ àbúrò, òfin tó ń tẹ̀ lé sì wà ní gbangba fẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Àmọ́ tẹ́ ò bá mọ òfin yẹn, ẹ máa bú u láìnídìí, torí náà màá fara balẹ̀ ṣàlàyé ibẹ̀ yẹn dáadáa kí n tó sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ jẹ́ n yára sọ ohun tí Lichess jẹ́ fẹ́ni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Thibault Duplessis ló dá a sílẹ̀ ní 2010. Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀fẹ́ pátápátá, kò sí ìpolówó ọjà tó máa bo ojú fóònù yín, kò sí ibì kankan tí wọ́n á ti ní ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó lè lò ó, owó táwọn tó bá wù bá dá fún wọn ni wọ́n fi ń gbé e ró. Kẹ́ ẹ tó lè dá ìdíje Swiss sílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ní tíìmù lórí ẹ̀, olórí tíìmù ló máa ń ṣí i. Àwọn kan ń bínú sí ìyẹn, wọ́n ní kí ló dé tí kò lè jẹ́ fún gbogbo ayé bíi ti Arena, irú ìdíje mìíràn tó wà lórí Lichess. Àlàyé tí Lichess fúnra wọn ṣe ni pé Swiss ń fẹ́ kí èèyàn tètè dé, kó ní sùúrù, kó sì dúró dópin, pé ó dà bíi pé àárín àwọn tó jọ wà nínú tíìmù nìyẹn ti máa rọrùn jù. Mo gbà pẹ̀lú wọn o. Ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí, kí ló kàn án bó bá sá lọ ní ráúǹdì kejì?

Ó yá, ọ̀rọ̀ pairing, ìyẹn yíyan ẹni tó máa bá ẹnì kan ta. Ohun tó kọ́kọ́ yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé wọn ò ta tẹ́tẹ́ lé yín lórí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ṣe ni kọ̀ǹpútà kàn ń ṣa orúkọ bó ṣe wù ú. Rárá o. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní bbpPairings ló ń ṣe é lábẹ́lẹ̀, ìlànà tó sì ń tẹ̀ lé ni èyí tí FIDE, àjọ tó ń darí chess lágbàáyé, kọ sínú ìwé òfin wọn, tí wọ́n ń pè ní Dutch. Tó bá di ráúǹdì kìíní, á to orúkọ gbogbo yín látorí ẹni tí rating ẹ̀ (nọ́ḿbà tó ń sọ bí ẹnì kan ṣe mọ̀ ọ́n ta tó) ga jù dórí ẹni tí tiẹ̀ kéré jù, á wá dá yín sí méjì lọ́gbọọgba, á mú ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdajì òkè, á fi kojú ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdajì ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ 16, nọ́ḿbà 1 á bá 9 ta, 2 á bá 10, 3 á bá 11, títí tó fi máa dé orí 8 àti 16.

Ibí yìí làwọn ọ̀pẹ ti máa ń pariwo, "ṣé torí pé mi ò tíì mọ̀ ọ́n ta lẹ ṣe fẹ́ fi mí rúbọ?" Àmọ́ kẹ́ ẹ gbọ́ o, kì í ṣe nọ́ḿbà 16 lèmi máa ń káàánú, nọ́ḿbà 9 ni. Ẹ wò ó, nọ́ḿbà 8 àti nọ́ḿbà 9 lè má ju ara wọn lọ rárá, rating wọn lè fi póìǹtì méjì péré yàtọ̀, síbẹ̀ 8 ló máa bá ẹni tó kéré jù nínú gbogbo ìdíje ta, 9 ló máa lọ gbéná wojú ẹni tó ga jù. Bó ṣe rí nìyẹn. Ohun tó ń tù mí nínú ni pé ètò yìí máa ń tún un ṣe fúnra ẹ̀: tí 9 bá fìdí rẹmi, ráúǹdì tó kàn àwọn tó fìdí rẹmi bíi tiẹ̀ ló máa bá ta, á sì ga ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, tó bá fi máa di ráúǹdì kẹta ó ti ń gbérí bọ̀.

Torí ohun tí Swiss dá lé lórí kò ju ìyẹn lọ: ẹni tẹ́ ẹ jọ ní póìǹtì kan náà lẹ máa bá ta. Ẹni tó jẹ á bá ẹni tó jẹ ta, ẹni tó ta ọ̀mì á bá ẹni tó ta ọ̀mì, ẹni tí wọ́n lù á bá ẹni tí wọ́n lù. Kò sí pé wọ́n lé ẹnikẹ́ni lọ sílé, ẹ lè pàdánù ẹ̀ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ ṣì máa ta lọ títí dé ìparí, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dáa ju ti pé ẹni tó bá ti ṣubú kó máa lọ. Kí èèyàn wọ mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí ìdíje l'Ékòó, kí wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n ní kó padà sílé, inú ta ló máa dùn?

Nínú àwọn tó jọ ní póìǹtì kan náà yẹn, wọ́n á tún dá wọn sí méjì, òkè àti ìsàlẹ̀, bíi ti àkọ́kọ́. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni ohun mìíràn ti wọ̀ ọ́, ìyẹn àwọ̀ ọmọ tí kálukú fi ta. Ẹ̀gbọ́n kan wà nínú tíìmù wa, àgbà ọ̀ta ni wọ́n, tí ráúǹdì kejì bá ti jáde báyìí fóònù mi á ti máa dún. "Àbúrò, ẹ̀rọ ẹ yìí ò mọ ìṣirò o. Àwa mẹ́jọ la jẹ, èmi ni nọ́ḿbà 1, nọ́ḿbà 5 ló yẹ kí n bá ta, kí ló wá gbé mi dé ọ̀dọ̀ nọ́ḿbà 6?" Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ìṣirò yín ò burú, àwọ̀ lẹ ò kà mọ́ ọn. Ní ráúǹdì kìíní, tí nọ́ḿbà 1 bá gba funfun, nọ́ḿbà 2 á gba dúdú, 3 á gba funfun, 4 á gba dúdú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń fi dẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹ̀yin àti nọ́ḿbà 5, funfun lẹ jọ fi ta, ẹ̀yin méjèèjì lẹ wá ń retí dúdú báyìí, ẹnì kan ò sì gbọ́dọ̀ jìyà tí ọ̀nà mìíràn bá wà. Nọ́ḿbà 6 ló fi dúdú ta. Torí náà 1 á bá 6, 2 á bá 5, 3 á bá 8, 4 á bá 7, kálukú á gba àwọ̀ tó tọ́ sí i, kò sẹ́ni tó ní ẹjọ́ láti rò. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní "ó dáa, kó máa bọ̀." (Wọ́n lu nọ́ḿbà 6 yẹn o, wọn ò sì pè mí mọ́ lọ́jọ́ yẹn.)

Òfin àwọ̀ yẹn ò gba gbẹ̀rẹ́ rárá. Iye ìgbà tẹ́ ẹ fi funfun ta ò gbọ́dọ̀ fi ju méjì lọ yàtọ̀ sí iye ìgbà tẹ́ ẹ fi dúdú ta, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ gba àwọ̀ kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta léra wọn, àfi ní ráúǹdì tó kẹ́yìn tí wọ́n lè gbójú fò ó fáwọn tó wà lókè téńté kí wọ́n lè rí ara wọn bá ta. Ẹni tó bá ń ta chess mọ ìdí ẹ̀, funfun ló ń kọ́kọ́ ṣí ọmọ, àǹfààní kékeré ni àmọ́ láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n ta àǹfààní ni. Ìdí nìyí tí fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ máa fi ṣí ìdíje lórí Lichess fi ń gbà yín nímọ̀ràn pé kí iye ráúǹdì má ṣe jẹ́ èyí tó ṣe é pín sí méjì, kí ọ̀rọ̀ àwọ̀ lè wọ̀ dáadáa. Èmi 5 tàbí 7 ni mo máa ń fi sí i.

Èyí tó lágbára jù nínú gbogbo òfin yẹn ni pé ẹni méjì ò gbọ́dọ̀ pàdé lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdíje kan. Tó bá ti bá yín ta, ó ti lọ nìyẹn. Òun náà ló máa ń fa kí èèyàn máa rí pairing tó dà bíi pé kò mọ́gbọ́n dání ní ráúǹdì tó ń lọ sópin, pàápàá bẹ́ ò bá pọ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́jọ péré tẹ́ ẹ lọ fi ráúǹdì 7 sí i, àwọn tó wà lókè á ti bá ara wọn ta tán, wọ́n á wá máa fi ẹni tó ní póìǹtì 5 kojú ẹni tó ní 1. Ẹ má bú ẹ̀rọ, ẹ̀yin lẹ fi ráúǹdì tó pọ̀ jù sí i. Kódà tí kò bá ti sí pairing tó ṣe é ṣe mọ́, Lichess á kàn parí ìdíje ni, á kéde ẹni tó jẹ.

Tí iye àwọn tó jọ ní póìǹtì kan ò bá ṣe é pín sí méjì, ẹnì kan máa já bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé wọn, òfin sì ń gbìyànjú kó má jẹ́ ẹnì kan náà ló máa ń já bọ́ léraléra. Tó bá jẹ́ gbogbo yín lápapọ̀ lẹ ò ṣe é pín sí méjì, ẹnì kan máa gba bye, ẹni náà ò ní ta, wọ́n á fún un ní póìǹtì 1 lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn tí póìǹtì wọn kéré ló sì máa ń bọ́ sí, ẹni tí kò tíì gbà á rí. Inú àwọn kan máa ń dùn sí bye, àwọn mìíràn á ní ṣé torí kí n lè jókòó lásán ni mo ṣe ra dátà. Àwọn méjèèjì ló jàre.

Ẹ jẹ́ n fi ìtàn díẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Swítsàlandì ni orúkọ yẹn ti wá lóòótọ́, ní Zürich, 1895, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Julius Müller ló gbé e jáde. Ìṣòro tó fẹ́ yanjú ṣì wà títí dòní: ọ̀nà tó dáa jù láti mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n ta jù ni kí gbogbo èèyàn bá gbogbo èèyàn ta, àmọ́ kò ṣe é ṣe. Èèyàn 10 ń fẹ́ eré 45, ìyẹn ṣì dáa. Èèyàn 20, eré 190. Èèyàn 100, eré 4,950, ráúǹdì 99! Ta ló ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́. Swiss ní kí ẹ má ṣèyọnu, bí ẹ bá jẹ́ 16, ráúǹdì 4 ti tó kí ó má ju ẹnì kan tí kò tíì pàdánù tàbí ta ọ̀mì rárá, 32 ń fẹ́ 5, 64 ń fẹ́ 6, 128 ń fẹ́ 7.

Àléébù ẹ̀ náà nìyẹn, kí n má parọ́ fún yín. Swiss mọ ẹni tó wà lókè, ó sì mọ ẹni tó wà nísàlẹ̀, àmọ́ àárín ń dàrú gan-an. Ẹni tó gba ipò kẹjọ àti ẹni tó gba ipò kẹrìndínlógún nínú ìdíje ráúǹdì 5, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tìtorí ẹ̀ jà, ó lè jẹ́ pé ráúǹdì tó kẹ́yìn nìkan ló sọ wọ́n di bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kan tún wà tó jẹ́ pé wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ ta ọ̀mì tàbí kí wọ́n tiẹ̀ pàdánù ní ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè máa bá àwọn tí kò lágbára ta, kí wọ́n máa rọra gòkè wá láti ìsàlẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Swiss gambit. Mo ti rí ẹni tó ń fi yangàn. Àmọ́ ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: póìǹtì tẹ́ ẹ jù nù ò padà bọ̀ mọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ jẹ gbogbo ìyókù, lópin gbogbo ẹ̀ ẹ ṣì máa bá àwọn tó wà lókè pàdé kẹ́ ẹ tó lè gba ipò kìíní. Bí ẹ bá tiẹ̀ jọ parí pẹ̀lú póìǹtì kan náà, ibi tí wọ́n ti ń ya ẹni tó bá dọ́gba ló máa já yín kulẹ̀.

Ohun tí Lichess fi ń ya ẹni tó bá dọ́gba ni Sonneborn-Berger. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: ẹni tẹ́ ẹ bá lù, gbogbo póìǹtì tó ní lópin ìdíje á wọlé fún yín, ẹni tẹ́ ẹ bá ta ọ̀mì, ìdajì tiẹ̀ lẹ máa gbà, ẹni tó bá lù yín, òdo. Ká ní ẹ lu ẹni tó parí pẹ̀lú 5 àti ẹni tó parí pẹ̀lú 4, ẹ wá ta ọ̀mì pẹ̀lú ẹni tó ní 6, 5 pẹ̀lú 4 pẹ̀lú 3, ó di 12. Ó bọ́gbọ́n mu, ẹni tó lu àwọn alágbára ló ń gbè. Àmọ́ èmi ì bá fẹ́ kí wọ́n fún wa láyè láti yan Buchholz, èyí tí wọ́n ti ń ka póìǹtì gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá ta, ẹ jẹ o ẹ pàdánù o, torí òun làwọn èèyàn mọ̀ jù ní ìdíje ojúkojú. Àwọn ará wa tó ń bọ̀ láti irú ìdíje bẹ́ẹ̀ máa ń wo Lichess pé kí ni nọ́ḿbà yìí.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ tàwọn tó ń bá Lichess ṣeré lójoojúmọ́ tó jẹ́ pé Arena nìkan ni wọ́n mọ̀. Ìyàtọ̀ wọn pọ̀ o. Arena kì í dúró de ẹnikẹ́ni, bẹ́ ẹ bá ti ta tán, á wá ẹni tí ipò ẹ̀ sún mọ́ tiyín tó sì wà nílẹ̀ báyìí, á tì yín pọ̀, ẹ lè pàdé ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, kó kàn má ṣe tẹ̀ léra, ẹni tó bá yára ta púpọ̀ ló ń kó póìǹtì jọ. Ó dùn, ariwo ẹ̀ pọ̀, ẹ lè gé àkókò ara yín sí méjì kẹ́ ẹ fi wá póìǹtì sí i. Swiss ò mọ gbogbo ìyẹn. Iye eré tí gbogbo èèyàn máa ta dọ́gba, ráúǹdì tó kàn ò sì ní bẹ̀rẹ̀ títí tí eré tó kẹ́yìn nínú ti ìsinsìnyí á fi parí. Ẹni tó bá yára ta tán á jókòó, á máa wo ojú fóònù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe fàájì ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ lọ sí Arena jàre. Tó bá jẹ́ pé ife ẹ̀yẹ wà nílẹ̀ tàbí owó, Swiss ni.

Ìdúró yẹn ló máa ń sú àwọn ọ̀dọ́ inú wa jù. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ jẹun. Ẹ lè fi ìwọ̀nba ìṣẹ́jú sáàárín ráúǹdì, ẹ sì lè jẹ́ kó jẹ́ ráúǹdì kan lóòjọ́, ìyẹn ló wúlò fún wa torí àwọn ará Houston, ìgbà tí wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ làwa ń lọ sùn. Ẹni tí kò bá wá nígbà tí eré ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, aago ẹ̀ á máa lọ, á pàdánù, Lichess á sì yọ ọ́ kúrò kó má lọ máa pàdánù ìyókù. Tó bá dé ó lè padà wọlé. NEPA ń mú iná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ, torí náà ètò ìpadàwọlé yẹn ò ṣeé fojú kéré lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ ẹni tó bá sọ ọ́ di àṣà, tó ń forúkọ sílẹ̀ tí kì í yọjú, Lichess ò ní jẹ́ kó wọ Swiss mìíràn fún ìgbà kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe ìdíje rí, tẹ́ ẹ mọ ohun tí ẹni tí kì í wá máa ń fojú yín rí, ṣé ẹ ò rí i pé ó dáa? Ẹni tó bá pẹ́ dé náà lè wọlé níwọ̀n ìgbà tí ráúǹdì tó ti bẹ̀rẹ̀ ò bá tíì ju ìdajì lọ, wọ́n á fún un ní ìdajì póìǹtì kan péré, bó ti wù kí ráúǹdì tó pàdánù pọ̀ tó.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti la ojú yín dáadáa rèé. Nínú fọ́ọ̀mù, àpótí kékeré kan wà tẹ́ ẹ ti lè kọ orúkọ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ pàdé, orúkọ méjì lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Àpẹẹrẹ táwọn Lichess fúnra wọn fi síbẹ̀ ni ọmọ ìyá méjì. Ìbejì kan wà láàárín àwọn ọmọ tó ń bá wa ta, ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Yorùbá ni ìbejì wà, Mọ́mì wọn sì ti ní kí n jọ̀ọ́ má jẹ́ kí Táyé àti Kẹ́hìndé pàdé, torí ọjọ́ tí wọ́n bá pàdé, ilé ò ní tòrò. Mo ní Mọ́mì, ẹ dárí jì mí, mi ò ní kọ ọ́. Bí ẹ bá ya ọmọ ìyá méjì sọ́tọ̀, ẹ ti yí ọ̀nà gbogbo àwọn tó yí wọn ká padà nìyẹn, ẹni tí kò yẹ kó pàdé Táyé á pàdé ẹ̀. Ó yá, ẹ tún wo ìdíje ńlá, òdìkejì ni wọ́n ń ṣe.

Ní Curaçao, 1962, ìdíje Candidates tí wọ́n fi ń wá ẹni tó máa kojú ọ̀gá àgbáyé, àwọn mẹ́jọ bá ara wọn ta ní ẹ̀ẹ̀mẹrin mẹ́rin. Petrosian, Keres àti Geller, ará Soviet làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo eré 12 tí wọ́n bá ara wọn ta, ọ̀mì ni, wọ́n ń fi sinmi, wọ́n á wá gbógun ti àwọn ìyókù. Bobby Fischer figbe ta pé wọ́n ti jọ dìtẹ̀ ni, FIDE sì yí ètò padà sí ẹni méjì méjì tó ń kojú ara wọn. Lónìí tí Candidates ti padà sí kí gbogbo wọn bá ara wọn ta, ṣe ni wọ́n ń jẹ́ káwọn ará orílẹ̀-èdè kan náà tètè pàdé, kó tó dìgbà tí ẹnì kan á máa wá ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́. Ní Toronto, 2024, ráúǹdì kìíní gan-an ni Caruana ti bá Nakamura ta, ọmọ Amẹ́ríkà làwọn méjèèjì, Gukesh sì bá Vidit ta, ọmọ Íńdíà méjì. Gukesh náà ló padà gba ipò kìíní, póìǹtì 9 nínú 14. Torí náà kí Táyé bá Kẹ́hìndé ta, kó bọ́ sí i bó bá ṣe bọ́. Lichess ti ṣe ti àdéhùn ọ̀mì náà díẹ̀, nínú Swiss ẹ ò lè jọ gbà láti ta ọ̀mì kí ìṣí ọmọ tó pé 30. Ẹni tó bá ti ní in lọ́kàn á ṣì rí ọ̀nà ẹ̀ gbà, àmọ́ kò lè yá a lára mọ́.

Àpótí kejì ló léwu jù, èyí tẹ́ ẹ ti lè fọwọ́ ara yín kọ gbogbo pairing ráúǹdì tó kàn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ méjì méjì, Lichess á gbà á bẹ́ẹ̀, ẹni tẹ́ ò bá sì kọ orúkọ ẹ̀, òdo ló máa gbà. Ẹnu ọ̀nà tí mágòmágó lè gbà wọlé nìyẹn, FIDE ò sì gbà rárá kí ẹnikẹ́ni yí pairing padà láti fi gbe ẹnì kan. Mo ti sọ fún àwọn ádímìn tá a jọ ń ṣe é pé kí àpótí yẹn ṣófo. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbà kí wọ́n lò ó fún ni bẹ́ ò bá pọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ kí gbogbo yín bá gbogbo yín ta, nígbà yẹn ẹ lè da tábìlì Berger, ìyẹn ètò ẹni tó máa bá ẹnì kan ta ní ráúǹdì kọ̀ọ̀kan, kọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ mẹ́rin: ráúǹdì kìíní 1 bá 4, 2 bá 3, èkejì 4 bá 3, 1 bá 2, ẹ̀kẹta 2 bá 4, 3 bá 1, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ ló ní funfun. Kẹ́ ẹ sì lẹ tábìlì yẹn mọ́ gúrúùpù kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má lè sọ pé ẹ yí i lóru.

Tó bá jẹ́ ìdíje ojúkojú lẹ fẹ́ ṣe, tábìlì àti àga, Lichess kọ́ nìyẹn. Swiss-Manager tí Heinz Herzog ará Austria ṣe ni ọ̀pọ̀ àwọn adájọ́ ń lò, èsì ẹ̀ máa ń jáde lórí Chess-Results, ẹ ó rí tàwọn ìdíje Nàìjíríà níbẹ̀ dáadáa. Vega tí ará Ítálì ṣe náà wà. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, Lichess ní tiẹ̀, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn ti tó.

Mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọ̀kan tí mo yọ, mo yọ ọ́ torí pé tí pairing bá ti jáde, orúkọ nìkan lẹ máa rí, wọn ò kọ ìdí síbẹ̀. Ká ní wọ́n lè fi ìlà kékeré kan sí i pé "ẹ ti bá nọ́ḿbà 5 ta tẹ́lẹ̀" tàbí "dúdú ló tọ́ sí yín" tàbí "ẹ̀yin lẹ já bọ́ lọ́tẹ̀ yìí," ẹ̀gbọ́n ò ní máa pè mí láàárín ìdíje, èmi náà á lè ráyè ta eré tèmi.